Àtọ̀gbẹ ọmọdé: Bí ìpápánu ṣe di ara oògùn, láti Toronto títí dé Suame Magazine ní Kumasi

Ẹni tó bá dé Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹ́káníìkì ní Kumasi lórílẹ̀èdè Ghana, ní ìyálẹ̀ta kò ní wá ohun tí yóò fi panu tì. Àwọn obìnrin máa ń gbé bofrot, èyí tí Yorùbá ń pè ní puff-puff, gba àárín àwọn tó ń jó irin kọjá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà wà níbẹ̀, bọ̀ọ̀lì tí ará Èkó mọ̀ náà ni. Àwọn tó ń ta Fan Milk náà kì í pẹ́ débẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á nu ọ́ìlì ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò, wọ́n á rà, wọ́n á jẹ, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀.

Fún ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ tí àwọn dókítà ń pè ní Type 1, ọ̀rọ̀ ìpápánu yìí ju adùn ẹnu lọ. Èyí tó bá jẹ láìgba abẹ́rẹ́ tó yẹ lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè kọjá ààlà. Èyí tí kò jẹ ní àkókò tó yẹ sì lè gbé e dákú. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ń fún òbí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ó bá sì yí padà, ìdílé ló máa ń ru ẹrù rẹ̀.

Ibi tí wọn kò ti lè rọ insulin

Kì í ṣe ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pè ní Magazine ní Suame. Ilé tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìbọn àti ọta pamọ́ sí láyé ìjọba amúnisìn ni orúkọ náà ti wá. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe pọ̀ sí sàkání ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì kó lọ sí Suame, orúkọ náà bá wọn lọ.

Àwọn Yorùbá mọ Kumasi dáadáa nígbà kan. Àwọn oníṣòwò wọn, tí àwọn Akan ń pè ní Alatafo, pọ̀ ní ọjà ìlú náà títí ìjọba Kofi Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ó kan àwọn ará Ghana tó wà ní Nàìjíríà. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ọdún 1983 yẹn burú fún Ghana. Ọ̀dá wà, oúnjẹ wọ́n, owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n lè fi ra ọjà wọlé kò sí. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni Suame Magazine ń gbèrú sí i. Tí ẹ̀yà ọkọ̀ kò bá ti wọlé láti òkèèrè, àwọn oníṣẹ́ Suame á wo èyí tó bàjẹ́, wọ́n á sì rọ irú rẹ̀. Yunifásítì KNUST tó wà nílùú náà ti ṣí ibùdó kan sáàárín wọn láti ọdún 1980, kí wọ́n lè máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń gé irin.

Kò sí ẹ̀rọ Suame tó lè rọ insulin. Láti òkèèrè ló ń wá, ó nílò òtútù, ọmọ tó bá sì ń lò ó kò lè fo ọjọ́ kan. Ọkọ̀ tí kò rí ẹ̀yà rà lè gùn lé òkúta fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó ní Type 1 kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ń di ẹ̀bi ru ọmọ

Ní èdè Twi, asikyire yareɛ ni wọ́n ń pe àtọ̀gbẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn ṣúgà. Yorùbá náà ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn orúkọ méjèèjì kò purọ́, nítorí ṣúgà máa ń wà nínú ìtọ̀ ẹni tí àìsàn náà bá ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú kí aráyé rò pé súìtì ló fà á. Ìyá ọmọ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi léèrè ohun tó ń fún ọmọ jẹ.

Kì í ṣe súìtì ló ń fa Type 1. Ẹ̀yà inú kan wà lẹ́yìn ikùn tí wọ́n ń pè ní pancreas. Òun ló ń ṣe insulin tó ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú oúnjẹ. Nínú ara ọmọ tó ní Type 1, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà ti kọjú ìjà sí ibi tí insulin ti ń wá, wọ́n sì ti bà á jẹ́. Mẹ́káníìkì yóò tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: epo kún táǹkì, ṣùgbọ́n kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Ọmọ á máa jẹun, á máa rù. Á máa mu omi ṣáá, á máa tọ̀ lóru. Tí wọn kò bá tètè mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, á máa mí gúlegúle, èémí rẹ̀ á sì máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ibà ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, nígbà míì àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí.

Nígbà tí ebi jẹ́ ìtọ́jú

Kí wọ́n tó ṣàwárí insulin, ìtọ́jú kan ṣoṣo tí àwọn dókítà ńlá Amẹ́ríkà ní fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má jẹ́ kó jẹun yó. Frederick Allen ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Bí oúnjẹ bá kéré, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà á kéré, ọmọ á sì pẹ́ díẹ̀ sí i láyé. Ìdílé ló ń ṣọ́ àpótí oúnjẹ kí ọmọ tiwọn má baà jí i jẹ.

Elizabeth Hughes, ọmọ Charles Evans Hughes tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó la ìtọ́jú yẹn kọjá. Ó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé Toronto ní oṣù kẹjọ ọdún 1922, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 20 lọ.

Toronto ni Frederick Banting àti Charles Best ti ṣiṣẹ́ insulin lábẹ́ John Macleod, tí James Collip sì bá wọn fọ̀ ọ́ mọ́. Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 1922. Èyí tí wọ́n gún yẹn kò mọ́ tó, kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kan náà wọ́n gún un ní èyí tí wọ́n ti fọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀. Àwọn tó ṣàwárí oògùn náà ta ẹ̀tọ́ wọn lé e lórí fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Elizabeth bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì, ó sanra, ó lọ́kọ, ó bímọ. Ọdún 1981 ló tó kú.

Ṣùgbọ́n insulin mú ìṣòro kan dání tí kò sí rí. Tí ó bá pọ̀ ju oúnjẹ tí ọmọ jẹ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọmọ á gbọ̀n, á làágùn, ó sì lè dákú. Omi ọsàn tàbí súìtì ló ń gbà á sílẹ̀. Báyìí ni ṣúgà tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀ ṣe padà sí àpò rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí oògùn.

Aago tó ń darí ikùn

Insulin àkọ́kọ́ kì í pẹ́ lára, nítorí náà abẹ́rẹ́ pọ̀ lójúmọ́. Ní ọdún 1936, Hans Christian Hagedorn ní Denmark gbé èyí tó ń pẹ́ díẹ̀ jáde. Ní ọdún 1946, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NPH, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ó dín abẹ́rẹ́ kù sí méjì lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìrọ̀rùn yẹn ní iye tó ń gbà. NPH máa ń gbóná lára láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un, yálà ọmọ ti jẹun tàbí kò jẹ. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ insulin tó ń yára ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìgò ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, agbára rẹ̀ á tún ga ní ìyálẹ̀ta. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi sọ ìpápánu di dandan: díẹ̀ láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, díẹ̀ kí ọmọ tó sùn. Ọmọ tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ kò lè dúró de ìgbà tí ọbẹ̀ bá jinná.

Ní ilé tí wọ́n ti ń gba owó oṣù, èyí lè rọrùn. Ní Suame, ọ̀pọ̀ bàbá kì í mọ iye tó máa wọlé títí oníbàárà á fi wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà míì oúnjẹ ọ̀sán á di ti ìrọ̀lẹ́. Ètò tí wọ́n ṣe fún ìdílé tó ń jẹun ní aago kan náà lójoojúmọ́ ni wọ́n gbé lé àwọn tí ọjà ń yan àkókò oúnjẹ fún lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ tí kò sí nínú ìwé

Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù fi gbà pé àtọ̀gbẹ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Albert Cook tó jẹ́ dókítà ìjọ ní Uganda kọ ọ́ ní ọdún 1901 pé àìsàn náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n pé ó máa ń pa ènìyàn. Ó yẹ kí ìdajì kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ta wọ́n lólobó. Ọmọ tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní abúlé, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò lè sí nínú ìwé ilé ìwòsàn.

Àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ. Ní ọdún 1958, Silas Dodu tẹ ìwádìí jáde lórí àtọ̀gbẹ láàárín àwọn aláìsàn ní Accra. Ní ọdún 1971, Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn 832. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti hàn pé àìsàn náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Ní Kumasi, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí láàárín ọdún 1950 sí 1959 di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Komfo Anokye ní ọdún 1975. Ó wà ní Bantama, kò jìnnà sí Suame. Inú ọgbà rẹ̀ ni idà tí ìtàn Ashanti sọ pé Okomfo Anokye gún mọ́lẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ tó ti dákú láti àwọn àdúgbò ìlú náà wá.

Owó ni ìdènà tó tẹ̀lé e. Láti àárín ọdún 1980 síwájú, ètò tí ará Ghana ń pè ní cash and carry mú kí aláìsàn san owó kó tó gba oògùn. Òfin ọdún 2003 tó dá ètò ìṣedúró ìlera NHIS sílẹ̀ wá gbé insulin sára oògùn tí ìjọba ń san owó rẹ̀. Ìyẹn gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò nílé, ẹ̀rọ kékeré náà àti bébà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, máa ń ti àpò òbí wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Òbí tí kò rí èyí rà yóò máa wo ojú ọmọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ṣúgà ti ga tàbí ó ti já.

Àwọn kan gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ètò Life for a Child, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2000, ń fi insulin àti ohun èlò ayẹ̀wò ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀èdè tí ọwọ́ kò tó nǹkan. Ní ọdún 2008, wọ́n ṣí ibùdó kan ní Nairobi láti kọ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà ní ìtọ́jú irú àwọn àìsàn yìí. Ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, ní ilé ìwòsàn LUTH, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Abiola Oduwole.

Àwo kan, ọwọ́ púpọ̀

Ama de-Graft Aikins, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, bá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ sọ̀rọ̀ ní ìgboro àti ní abúlé Ghana. Ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 àti 2005 fi hàn bí wọ́n ṣe ń lọ láti ilé ìwòsàn sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì tún ń padà. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n. Owó tó tán, oúnjẹ tí wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ àti ìrètí ìwòsàn ló ń tì wọ́n. Àgbàlagbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n òbí ọmọ tó ní Type 1 náà mọ ọ̀nà yẹn. Ewu tó wà níbẹ̀ fún ọmọdé pọ̀ jù, nítorí tí wọ́n bá ní kó fi insulin sílẹ̀ torí àgbo tàbí ààwẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Ẹbí ló ń pinnu bóyá abẹ́rẹ́ á ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kumasi, fùfú àti ọbẹ̀ máa ń wà nínú ìkòkò amọ̀ kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á sì jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó dára fún ìfẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ òkèlè mélòó tí ọmọ náà jẹ? Àwọn ìdílé kan yanjú rẹ̀ nípa bíbu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn rí i pé ọmọ náà ń wò ó bí ìjìyà. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ń fúnni báyìí ni pé kí gbogbo ilé jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i, kí a sì bu ti ọmọ náà sínú àwo tó jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ló ń gbà lójoojúmọ́. Kò sí oúnjẹ pàtàkì tí wọ́n ń pè ní ti alátọ̀gbẹ tó pọn dandan kí wọ́n rà.

Ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń le fún. Àánú á ṣe é, á yọ́ fún ọmọ ní bisikíìtì tàbí Fan Milk, á ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà á kọ́ láti máa fi oúnjẹ pamọ́. Ilé tí ìyá àgbà bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ ayẹ̀wò sàn púpọ̀ ju ilé tí wọ́n ti ń bá a jà lọ.

Ohun tó yẹ kó wà lápò

Tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju 4 lọ lórí òṣùwọ̀n mmol/L tí wọ́n ń lò ní Ghana, ìyẹn nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n mg/dL tí ẹ̀rọ mìíràn ń lò, ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ tètè ṣe nǹkan. Ọmọ ńlá á gba nǹkan bíi gíráàmù 15 ṣúgà, ìyẹn ṣíbí ìpotíì mẹ́ta nínú omi, tàbí ìdajì ìgò kékeré ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà gidi. Ti ọmọ kékeré kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì gòkè, wọ́n á tún fún un. Lẹ́yìn èyí ni ìpápánu tó ń pẹ́ nínú á tẹ̀ lé e, bíi búrẹ́dì tàbí bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, bí oúnjẹ gidi bá ṣì jìnnà.

Ó ṣeni láàánú pé ṣokoléètì, tó yẹ kó yá àwọn ará ilẹ̀ kòkó bíi Ashanti lára, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá sì ti dákú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu. Kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ti ọkọ̀ ń jó ṣúgà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó lè nílò ìpápánu kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè já lóru lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn. Nítorí náà, kì í ṣe ìyá nìkan ló yẹ kó mọ̀. Tíṣà, ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹ̀gbọ́n tó ń bá a sùn lórí ẹní kan náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ tó ń làágùn, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, kì í ṣe ọlẹ tàbí ẹni tó mutí. Ibi tí ìtìjú bá ti mú kí ìdílé fi àìsàn náà pamọ́, àwọn tó lè gba ọmọ là kò ní mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Àmù tó ń ṣiṣẹ́ fíríìjì

Insulin tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Láàárín ọdún 2012 sí 2015, nígbà tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀, èyí tí ará Ghana sọ lórúkọ dumsor, ìdílé tó ní fíríìjì pàápàá kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tutù ló wá wúlò. Mohammed Bah Abba, tíṣà kan láti Jigawa ní Nàìjíríà, gba àmì ẹ̀yẹ Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò méjì tó tì bọ inú ara wọn, tó sì fi iyanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Ní ọdún 2016, Life for a Child àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkòkò amọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀èdè. Wọ́n rí i pé wọ́n ń dín ooru kù lára insulin, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní ọ̀rinrin púpọ̀. Kumasi lọ́rinrin ju Jigawa lọ, nítorí náà òtútù tí ìkòkò máa mú wá níbẹ̀ kò ní tó ti òkè ọya. Síbẹ̀ ó sàn ju kí ìgò wà nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù lọ.

Ìyípadà tuntun nínú ọ̀rọ̀ ìpápánu ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó lówó. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń lo insulin tuntun tó rọra ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìga láìrelẹ̀, wọ́n á sì gún èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Ìpápánu ìyálẹ̀ta kò pọn dandan fún wọn mọ́, wọ́n lè jẹ ẹ́ bó bá wù wọ́n. Ní ọdún 2021, àjọ ìlera àgbáyé WHO fi insulin tuntun tó ń pẹ́ lára kún àkójọ oògùn tí orílẹ̀èdè kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní. Ó wọ́n ju NPH lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣì ń fún ọmọdé ní èyí tó ti wà láti ọdún 1946, aago rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ náà fi ń jẹun.